Kò sí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínkúbétọ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kẹjọ ọmọ àbúrò mi bọ́ sí. Bàbá mi ti ra obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti oyin sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹta, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ wà nínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀, ní wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó, ní ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn. Kílò 1.6 ló wọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ àyàfi ìyá rẹ̀, ìyẹn náà nígbà tí wọ́n bá pè é.

Orí fóònù la ti sọ ọmọ lórúkọ. Àwa wà ní pálọ̀, bàbá mi ń wúre, ìyàwó àbúrò mi sì gbé fóònù tirẹ̀ sẹ́nu ihò ínkúbétọ̀ kí ọmọ lè gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọlọ́run á bù kún un. Àwa tá a wà nílé la bá ọmọ tọ́ oyin àti iyọ̀ wò. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ nírọ̀lẹ́, mo ti múra sílẹ̀ pé màá bá ẹkún. N kò bá ẹkún. Ohun tí ìyàwó àbúrò mi sọ fún mi ni pé: "Àǹtí, orí ìdúró ni mo wà tí wọ́n fi sọ ọmọ mi lórúkọ. Wọn ò fi àga síbẹ̀."

Orí àga yẹn ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ wá. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba gbogbo orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí wọ́n yéé ya ìyá nípa sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, kódà bí ọmọ bá wà nínú ìtọ́jú àkànṣe. Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀rí tí wọ́n gbé ìmọ̀ràn náà kà. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àlejò ni ìyá jẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tó fi ikùn ara rẹ̀ rù.

Méje ni àbí mẹ́jọ?

Ogójì ọ̀sẹ̀ ni àwọn dókítà ń ka oyún sí. Ọmọ tí wọ́n bá bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni wọ́n ń pè ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 28 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí káàkiri ayé, ìyẹn ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́wàá. Ìyọnu tó ń bá wọn wá ló ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù lọ lágbàáyé: ní 2019, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan ló kù díẹ̀ kó pé, bíi 900,000. Nílé wa níbí, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìlera ìdílé fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í lo oṣù kan.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ oṣù méje a máa yè, ti oṣù mẹ́jọ ni kì í dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí oyún bá ṣe pẹ́ sí nínú ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe ń gbó sí, ọmọ oṣù mẹ́jọ ló sì rọrùn fún jù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, tí ìyá àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà tán lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 32 ni ìyàwó àbúrò mi wà tó fi bímọ. Mo rí i tó ń fi ìka kà á, tó ń pa á pọ̀, tó ń tú u ká, tó fẹ́ kó já sí oṣù méje. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àǹtí, ṣé méje ni tèmi àbí mẹ́jọ?" Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin yìí o, ilé ẹ̀kọ́ gírámà ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún wà níbẹ̀, àrùn tó wọ ilé ọmọ wà níbẹ̀, omi tó tètè fọ́ náà wà níbẹ̀. Ìgbà míì wà tí wọ́n á wá ìdí rẹ̀ títí tí wọn ò ní rí i. Ìbejì tún wà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò sí ìran tó ń bí ìbejì tó Yorùbá, Igbó-Ọrà sì ti gba orúkọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a kì í sábà sọ níbi ijó ìbejì ni pé àyè kì í gba ọmọ méjì nínú ilé ọmọ títí oṣù fi ń pé. Púpọ̀ nínú wọn ló ń tètè jáde. Nítorí náà, ìyá kan lè ní Táyé lọ́wọ́ kí Kẹ́hìndé wà nínú ínkúbétọ̀. Obìnrin kan wà bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí mò ń wí yìí. Bó bá ń fún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́yàn, yóò máa wo ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pè é wọlé lọ wo èkejì, yóò máa dẹtí sí ẹkún èyí tó fi sílẹ̀ níta.

Bó ti wù kí dókítà ṣàlàyé tó, ẹ̀bi ni ìyá yóò kọ́kọ́ wá, ara rẹ̀ ni yóò sì dá a fún. Àwọn ará ilé máa ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣé o ò rìn lọ́sàn-án gangan? Ṣé o fi abẹ́rẹ́ sí aṣọ nígbà tó o jáde lálẹ́? Ta lo bá jà? A ní ìyàwó wa gbé garawa omi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ru láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó wà nínú káàdì ìwòsàn rẹ̀. Títí di òní, garawa omi ló ń rántí.

Omi tó ń hó

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá bá wọ wọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè wo ọmọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń wò. Ariwo ló kọ́kọ́ ń dé bá wọn. Wáyà kan wà lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń tan iná pupa, òun ló ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá lọ sílẹ̀, á pariwo. Bí ọmọ bá ta ẹsẹ̀ tí wáyà yẹ̀, á pariwo bákan náà. Ìyá kò mọ ìyàtọ̀. Gbogbo ariwo ló ń já a láyà.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì ní ọ̀rá tí yóò mú ara rẹ̀ móoru, ìdí tí wọ́n fi ń gbé e sínú àpótí nìyẹn. Ohun tó ń yọ̀ bí ọṣẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ra bí a bá mí síta, kò tíì pọ̀ tó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nímú, tí ìkángun rọ́bà rẹ̀ wà nínú ìgò omi, tí omi náà á máa hó gudugudu. Irú ẹ̀rọ yìí, èyí tí owó rẹ̀ kò ga, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi fi gba ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà tí ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fúnni ní 2023. Ẹnu ọjọ́ mélòó kan ni àwọn ìyá fi ń kọ́ ohùn omi yẹn. Bó bá ń hó, ọkàn wọn á balẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ti dìde kí nọ́ọ̀sì tó yíjú.

Èyí tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni pé ọmọ wọ̀nyí máa ń gbàgbé láti mí. Ọpọlọ tó ń rán èémí leti kò tíì gbó. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan tó ṣẹlẹ̀: ọmọ dúró ṣin, ètè rẹ̀ ṣú, ẹ̀rọ figbe ta, nọ́ọ̀sì sì rìn dé ibẹ̀ láìsáré, ó ki ọwọ́ gba ihò, ó fi ìka ta ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mí, nọ́ọ̀sì yí padà síbi tó ti ń kọ̀wé. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni lójú tirẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́.

Ní 1993, Margaret Miles, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olùwádìí ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tí wọ́n fi ń wọn ìnira àwọn òbí ní irú wọ́ọ̀dù yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́ nínú wọ́ọ̀dù, bí ara ọmọ ṣe rí, àti ipò òbí tó bọ́ lọ́wọ́ òbí. Wọ́n ti lò ó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà náà, lemọ́lemọ́ ló sì ń já sí pé ìkẹta ló wúwo jù. Ariwo ẹ̀rọ ń bani lẹ́rù, ara ọmọ tó ń hàn bí ọ̀rá ń bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n pé o kò lè gbé ọmọ rẹ, o kò lè wẹ̀ ẹ́, o ní láti tọrọ àyè kó o tó fọwọ́ kàn án, ìyẹn ló ń pa ìyá. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were; àwọn tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí abiyamọ yóò tatí, tí yóò dìde, tí gíláàsì yóò sì wà láàárín.

Mílílítà méjì

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá: kó máa fún omi ọyàn. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Ọmọ tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ 34 kì í sábà lè pa mímu, gbígbé mì àti mímí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà rọ́bà tín-ín-rín ló ń gba imú rẹ̀ dé ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń da omi ọyàn sí. Omi ọyàn ìyá dára fún un ju ohunkóhun lọ, torí ìfun ọmọ bẹ́ẹ̀ rọ̀ gan-an, wàrà inú agolo a sì máa mú kí àrùn ìfun kan tó lè pa á pọ̀ sí i.

Ẹ wá wo yàrá tí wọ́n ti ń fún un. Obìnrin bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, olúkúlùkù di ife kékeré mú, ìdajì aṣọ wọn wà ní ìbàdí, ojú gbogbo wọn wú. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó wa fún ọmú fún ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kejì, ohun tó bọ́ kò bo ìsàlẹ̀ ife. Aláwọ̀ ìyeyè ni, díẹ̀ bí ìkán omi. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ti kún ife. Ó ní òun ò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni láyé òun bí òun ṣe kórìíra obìnrin yẹn ní ìṣẹ́jú yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé mílílítà méjì tó rí yẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì sọ fún un pé ìbẹ̀rù àti àìsùn máa ń dí omi ọyàn lọ́nà, pé ara ìyá ní láti rí ọmọ, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fọwọ́ kàn án, kí omi ọyàn tó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbé ọmọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n wá ń béèrè omi ọyàn lọ́wọ́ ìyá. Bí kò bá jáde, wọ́n á ní kò gbìyànjú. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, n kò fi bò.

Lọ́jọ́ kẹfà, nọ́ọ̀sì kan ní kó wá di síríǹjì náà mú fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé a ó tẹ̀ ẹ́. A ó gbé e sókè díẹ̀, omi ọyàn á máa fà lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ gba inú rọ́bà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni pé, "Àǹtí, mo ti fún ọmọ mi lóúnjẹ."

Ewu tí a kò tíì kú

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, a ní kíkí fún un. Ẹ kú ewu o, ewu iná kì í pa àwòdì. Ewu tó ti kọjá là ń kí i fún. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ínkúbétọ̀ kò tíì jáde nínú ewu, a kò sì ní kíkí tó bá àárín ọ̀nà mu. Àwọn kan á kí i bí ẹni tó ṣe oríire, kò ní mọ ohun tí yóò fi dáhùn. Àwọn kan á kí i bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ọmọ sì wà láàyè. Àwọn tó pọ̀ jù kì í kí i rárá, wọ́n á ní àwọn ń dúró títí wọn yóò fi jáde. Ó padà sí ilé láìgbé ọmọ lọ́wọ́, ikùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, omi ọyàn ń rin aṣọ rẹ̀, aládùúgbò sì ń bi í pé, "Ìyá ìkókó, ọmọ ńkọ́?"

Àbíkú tún wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, bí a ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìyá wa dábàá Dúrótìmí mọ́ orúkọ tí a fẹ́ sọ ọmọ. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyàwó wa, tí kì í fèsì sí ìyá ọkọ rẹ̀, sọ pé, "Mà, ẹ máà bínú, ọmọ mi ò lọ ibì kankan rí tá a fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró." Bàbá mi yọ orúkọ náà kúrò.

Ọkọ ńkọ́? Ó wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ra oògùn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà ló ń fi owó àpò ara wọn san owó ìwòsàn, ínkúbétọ̀ lójúmọ́, iná aláwọ̀ búlúù fún ibà pọ́njú, ọ́síjìn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àbúrò mi ní báàgì ọ̀rá kan tó kún fún rìsíìtì. Nínú wọ́ọ̀dù, ìyàwó rẹ̀ ń kà á bí ẹni pé ọjọ́ tí ọmọ bá lò sí i, gbèsè ló ń di, ìtìjú sì ń mú un pé òun ń ka owó nígbà tó yẹ kí òun máa dúpẹ́ pé ọmọ wà láàyè.

A kò ní orúkọ kan ṣoṣo ní Yorùbá fún ohun tí gbogbo èyí ń dà sí ara obìnrin. Bí wọ́n bá bi í, á ní àyà òun ń já, tàbí orí òun ń gbóná, tàbí ọkàn òun wúwo, tàbí oorun ò gbé òun. Dókítà tó bá ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ara lásán yóò kọ Paracetamol fún un. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987 fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, àwọn olùwádìí sì ti dán an wò lára àwọn obìnrin Nàìjíríà. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ. Fún odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ìyàwó wa fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan pé báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí.

Ohun tí wọ́n rí n'Ífẹ̀

Ní 1978, ní Bogotá, olú ìlú Kòlóḿbíà, ínkúbétọ̀ kò tó ní ilé ìwòsàn àwọn aboyún kan, ọmọ méjì mẹ́ta ló ń sùn nínú ọ̀kan, àrùn sì ń ran wọn. Dókítà Edgar Rey Sanabria wá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ sí àyà ara wọn, ara kan ara, bí káńgárù ṣe ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn. Ọmọ á wà ní ìhòòhò, àfi ìtẹ́dìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Á dúró sangbọndan láàárín ọmú méjèèjì, orí rẹ̀ á kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá á fi aṣọ dì í mọ́ra. Ìtọ́jú káńgárù ni wọ́n ń pè é. Kò yẹ kó ṣòro fún ìran tó ni ọ̀já láti lóye rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn la máa ń pọn ọmọ sí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbádùn. Kó kúrò lórí ọ́síjìn, kó lo ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó gbé e fún ìyá. Àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ń kú.

Láti 2017, ilé ìwòsàn márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá dúró. Ifẹ̀ ni ti Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹbùnolúwa Adéjúyìgbé wà lára àwọn tó darí rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ 3,211 ni wọ́n kó wọ inú ìwádìí náà, tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kílò 1 títí dé 1.799. Apá kan gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fún apá kejì, wọ́n gbé ibùsùn ìyá wọ inú wọ́ọ̀dù àkànṣe fúnra rẹ̀, ìyá sì gbé ọmọ sáyà láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, bíi wákàtí 17 lóòjọ́. Ibẹ̀ náà ni dókítà àti agbẹ̀bí ti ń wá tọ́jú ìyá. Bí ìyá bá ṣì ń gba agbára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹbí rẹ̀ mìíràn á bá a gbé e.

Nígbà tí ọjọ́ 28 pé, ọmọ 15.7 nínú 100 ló kú lápá ti àtijọ́. Lápá tí ìyá wà nínú wọ́ọ̀dù, 12 ni. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, torí kò bójú mu mọ́ láti máa fi ohun tó ń gba ẹ̀mí là du apá ti àtijọ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England. Ó tó bí ọdún kan ààbọ̀ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó sọ ọ́ di ìmọ̀ràn: láìdúró, wákàtí 8 sí 24 lóòjọ́.

Èyí tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n gbé wọlé. Àga àti ibùsùn ni.

Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́?

Àyè ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ, òótọ́ sì ni. Ẹni tó ya àwòrán ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wọ̀nyí kò ro ti ìyá mọ́ ọn. Ẹ̀ka àwọn abiyamọ lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ lọ́tọ̀, ọ̀gá wọn lọ́tọ̀, ìwé ìṣirò wọn lọ́tọ̀. Ìgbà míì, ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ ni ìyá ti bímọ, ó sì wà lórí ibùsùn níbẹ̀ pẹ̀lú ojú abẹ nígbà tí ọkọ gbé ọmọ sáré wá sí ibòmíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kù lẹ́yìn àwọn tó ti japa kò tó nǹkan.

Wọ́n tún ń sọ pé ìyá yóò kó àrùn wọlé. N kò gba èyí mọ́. Nínú ìwádìí tí mo sọ yìí, ọmọ tí wọ́n fura sí pé àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ wọn kéré lápá ibi tí ìyá wà, àwọn tí ara wọn tutù jù náà sì kéré níbẹ̀. A máa kọ̀ ìyá ní ẹnu ọ̀nà nítorí àrùn, a ó sì kó ọmọ méjì sínú ínkúbétọ̀ kan nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹ́nẹ́rétọ̀ kò gbé ju ẹyọ méjì.

Kí n má purọ́, kò rọrùn fún ìyá náà. Wákàtí 17 lórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ láyà, àyà ṣíṣí sílẹ̀ níbi tí dókítà ọkùnrin ti ń kọjá, ọmọ méjì mìíràn wà nílé, ìsọ̀ wà ní títì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa gbé oúnjẹ wá, kó gba ọmọ mú kó tó lè wẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn; ọmọ tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù ti jẹ ẹ́ tán kó tó délé. Àwọn tiwa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin kan láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2025: òbí tí ọmọ rẹ̀ bá lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtọ́jú àkànṣe lè gba tó ọ̀sẹ̀ 12 sí i, yàtọ̀ sí ìsinmi ìbímọ. Ti Amẹ́ríkà kò rọgbọ tó bẹ́ẹ̀.

Ilé

Wọ́n fún wọn láyè láti lọ lọ́jọ́ kẹrìndínlógójì, ọmọ ti di kílò 2.1. A rò pé ayọ̀ ni yóò kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Kò sí wáyà lẹ́sẹ̀ ọmọ mọ́, kò sí ohun tí yóò pariwo bí ó bá gbàgbé láti mí. Fún bí oṣù kan, iná fóònù ló fi ń wo àyà ọmọ lóru, ó ń ka èémí. Nígbà tí ìyá wa kó aṣọ ìkókó jáde láti inú àpótí, tí òórùn kánfọ̀ gba ilé, ó kó gbogbo rẹ̀ padà síta, torí wọ́n ti kọ́ wọn ní wọ́ọ̀dù pé kánfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, kí ojú wọn sì pọ́n rekete. Ìyá wa ò bínú. Ó jókòó, ó tún gbogbo aṣọ náà fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú, torí ọ́síjìn tó bá pọ̀ jù lè ṣe ìpalára fún ẹ̀yìn ẹyinjú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ dára.

Ní báyìí, ohun tó ń dà á láàmú ni ìbéèrè àwọn ènìyàn. Wọ́n á rí ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o, oṣù mélòó ni?" Bó bá ní mẹ́fà, wọ́n á wo ọrùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, wọ́n á ní, "Mẹ́fà? Kò tíì fẹ́ jókòó?" Àwọn dókítà ní kí ó máa yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fi ṣáájú kúrò tó bá ń wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Nítorí náà, bí ẹni tó béèrè bá dà bí ẹni tí kò ní wàhálà, á ní mẹ́fà. Bí ó bá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí, á ní mẹ́rin. Irọ́ kọ́ ni méjèèjì.